Àmì-Ẹ̀yẹ Street Works UK

Àmì-ẹ̀yẹ Street Works UK jẹ́ ìdálọ́lá fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ojú títì lọ́nà tó dára ní Bìrìtéènì. Street Works UK, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ omi, gáàsì, iná mànàmáná àti tẹlifóònù, tó ń jẹ́ NJUG tẹ́lẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Òfin ọdún 1991, New Roads and Street Works Act, ló de iṣẹ́ náà. Ní England àti Wales, ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ni yóò dí i, yóò sì dúró fún iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún 2, tàbí 3 bí kòtò náà bá jìn. Ìlànà ààbò tún ní kí àyè ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò má dín ní mítà 1, kí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè kọjá. Ìwà tó ju èyí lọ ni àmì-ẹ̀yẹ ń wò: títètè sọ fún ará àdúgbò, ṣíṣọ́ra fún páìpù àti wáyà abẹ́ ilẹ̀, àti kí ilé-iṣẹ́ méjì pawọ́ pọ̀ lo kòtò kan. Ìpawọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ tún lè dín ìnáwó kù: ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 2012, owó tí ilé-iṣẹ́ ń san láti gba ojú títì tó kún jù lọ fún iṣẹ́ lè tó 2,500 pọ́n-ùn lójúmọ́.