Egbòogi Inú Ìgò àti Nọ́mbà NAFDAC: Ohun tí Ó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà gbà pé bí nọ́mbà NAFDAC bá ti wà lára egbòogi, ìjọba ti jẹ́rìí pé ó ń wo àrùn tí a kọ sí i lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn mọ ohun tí nọ́mbà náà túmọ̀ sí.

Kí ni òfin sọ?

Òfin 15 ti ọdún 1993 ni ó fi ìdí àjọ NAFDAC múlẹ̀, láti máa mójú tó ṣíṣe, kíkó wọlé, ìpolówó àti títa oúnjẹ àti oògùn. Egbòogi tí a dì fún títà wà lábẹ́ àṣẹ yìí. Òfin mìíràn ti ọdún 1999 ka kíkiri oògùn nínú ọkọ̀, ní ibùdókọ̀ àti lórí àtẹ ọjà léèwọ̀.

Kí ni nọ́mbà náà túmọ̀ sí?

Oògùn ilé ìwòsàn máa ń gba ìforúkọsílẹ̀ ọdún 5. Ní ti egbòogi, àjọ náà sábà máa ń kọ ọ́ sínú àkójọ fún ọdún 2, lẹ́yìn tí ó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó léwu fún ara. Lẹ́tà L ni ó máa ń parí nọ́mbà irú egbòogi bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, tí ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùpèsè sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ dúró nítorí egbòogi.

Kí ẹ tó rà á, ẹ wo:

- nọ́mbà NAFDAC;
- orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe é;
- àwọn èròjà inú rẹ̀ àti ìwọ̀n tí a ó lò;
- ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́.

Bí wọ́n bá ní ó ń wo gbogbo àrùn, ẹ má ṣe rà á.

Nígbà wo ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn?

Bí ẹyinjú bá di àwọ̀ ìyeyè, bí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tí kò jáde dáadáa, bí ẹsẹ̀ tàbí ojú bá wú, ẹ dá egbòogi náà dúró kí ẹ sì lọ kíákíá. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ni ó ti fara pa. Ẹ mú ìgò tàbí páálí rẹ̀ dání.

Fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo aláìsàn, láìbá wọn wí, bóyá wọ́n ń lo àgbo tàbí egbòogi. Fún àpẹẹrẹ, egbòogi tí a fi áàyù ṣe lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tí ń lo warfarin. Bí ẹ bá fura sí egbòogi kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ìyeyè ti NAFDAC, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àjọ náà. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ egbòogi tí ó yẹ kí a kó kúrò lọ́jà.