Ẹ̀jẹ̀ ríru àti oyún: Ìgbà wo ló yẹ kí obìnrin lọ rí dókítà?

Obìnrin tó ti ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè lóyún, kó sì bí wẹ́rẹ́. Àmọ́ ìgbà tó bá ṣì ń gbèrò àtilóyún ló yẹ kó ti lọ rí dókítà, kì í ṣe ìgbà tí ikùn bá ti yọ.

Ìdí ni pé àwọn òògùn kan tó wọ́pọ̀, bíi lisinopril, ramipril àti losartan, lè ba kíndìnrín ọmọ inú oyún jẹ́, kí omi tó yí i ká sì dínkù. Methyldopa, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Aldomet, labetalol tàbí nifedipine ni dókítà sábà máa ń fi rọ́pò wọn. Kí obìnrin dá òògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ náà léwu, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ru láìsí ìtọ́jú lè fa àrùn rọpárọsẹ̀. Àgbo kò lè dípò rẹ̀.

Ẹlòmíràn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí, àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 nínú oyún. Bí òǹkà òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, tí wọ́n sì tún un wò tí kò yí padà, ẹ̀jẹ̀ ti ru nìyẹn. Bó bá dé 160 tàbí 110, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Bí púrótéènì bá tún wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, preeclampsia ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó lè má dun aboyún rárá, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, tí wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wò nílé ìwòsàn.

Ẹsẹ̀ wíwú wọ́pọ̀ nínú oyún. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá ṣàdédé wú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé ìbejì ló ń bọ̀. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ríran bàìbàì àti ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún náà kò ṣeé fi falẹ̀.

Gìrì ló lè tẹ̀lé e. Àwọn ẹbí kan máa ń pè é ní iṣẹ́ ayé, wọn a sì gbé aláìsàn lọ síbòmíràn. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni ìtọ́jú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà wà lára wọn, tó sì jáde lọ́dún 2002, fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ.

Fún ẹni tó ti ní i rí, dókítà lè ní kó máa lo aspirin kékeré lójoojúmọ́ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12.

Gìrì yìí tún lè dé lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí gbogbo ilé ń palẹ̀ ìkómọ mọ́. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn ìfúnpá ìyá ọmọ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.