Ọjà Apòmù àti Ogun Òwu

Ọjà kì í ṣe ibi títà àti rírà nìkan láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ ìlú kan ti ń mọ ọmọ ìlú kejì. Irú rẹ̀ ni ọjà Apòmù, ní ilẹ̀ Ifẹ̀ nítòsí Ìkirè, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé níbẹ̀ tà lẹ́rú. Lẹ́yìn náà, ìjà kékeré lórí ataare di ogun. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú dó ti Òwu títí ìlú náà fi fọ́ ní àwọn ọdún 1820.

Ẹ̀kọ́ Apòmù kò ṣòro: ààbò àlejò ni ìpìlẹ̀ ọjà. Bí ènìyàn bá ti di ọjà, kò sí ọjà mọ́.