Lẹ́tà Tí Ẹ̀rọ Ń Gbà: Ìtàn Ìlẹ̀kùn Kan Nínú Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Kọ̀ǹpútà



Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó gbọ́n a máa fi òye tirẹ̀ kún iṣẹ́ tí a rán an. Kọ̀ǹpútà kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti rán an gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Ìbéèrè wa lónìí nìyí: bí lẹ́tà bá dé, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni yóò gbà á, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yan iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò fi lẹ́tà ọ̀hún ṣe?

Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn nínú ìsokọ́ra ARPANET. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, a nílò ètò, èyíinì ni àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀kan tí ó lókìkí púpọ̀ ni sendmail, tí Eric Allman kọ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, tí ó sì jáde pẹ̀lú BSD ní ọdún 1983. Sendmail ní ìwé orúkọ kan tí alábòójútó fi ń sọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò lọ. Bí ó bá fa ilà ìnàró kan síbẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ ètò mìíràn tẹ̀ lé e, ètò náà ni yóò gba lẹ́tà dípò ènìyàn. Àǹfààní èyí pọ̀. Ètò kan lè dá akọ̀wé lóhùn pé ẹni tí ó ń wá ti lọ fún ìsinmi. Òmíràn lè ṣe ẹ̀dà lẹ́tà kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí àlejò rere ń gbà wọlé ni olè náà ń wò. Àyè kan wà nínú sendmail fún yíyẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò; DEBUG ni orúkọ rẹ̀. Níbi tí a bá ti gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀, àjèjì láti òkèèrè lè kọ orúkọ ètò síbi tí ó yẹ kí ó kọ orúkọ ẹni tí yóò gba lẹ́tà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell, tú ètò kan sílẹ̀ tí ó ń bí ara rẹ̀ káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. DEBUG wà lára àwọn ọ̀nà tí ó gbà wọlé: ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà sì di àṣẹ. Àwọn kan fojú bù ú pé nǹkan bí 6,000 kọ̀ǹpútà ni ó kó sínú wàhálà. Ní ọdún kan náà ni a dá CERT sílẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon láti máa kojú irú ewu bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1990, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 10,050 dọ́là àti iṣẹ́ ìlú fún 400 wákàtí lé Morris lórí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ṣé kí a wá dí ìlẹ̀kùn náà pa ni? Àwọn ọ̀mọ̀ràn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1998, Wietse Venema, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ IBM, gbé ètò tí a mọ̀ sí Postfix jáde. Ó pín iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ètò kéékèèké, agbára ìwọ̀nba ni ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ inú ìwé orúkọ ti ọ̀gá àgbà kọ̀ǹpútà ni a ti pe ètò kan, Postfix kì í gbé agbára ọ̀gá náà fún un. Orúkọ ẹni tí ó ń fún un, bí a kò bá yàn òmíràn, ni nobody, èyí tí ó túmọ̀ sí "kì í ṣe ẹnì kankan". Ẹni yìí kò ní dúkìá nínú ilé. Bí lẹ́tà búburú bá tilẹ̀ tan ètò náà jẹ, ìwọ̀nba ni ohun tí yóò lè bàjẹ́.

Ìdáhùn ìbéèrè wa hàn nínú ìtàn yìí. Onílé ni ó ni ẹ̀tọ́ láti yan ìránṣẹ́ tí yóò gba lẹ́tà, òun náà ni yóò sì pààlà agbára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kí àlejò mú wá; bí a bá jẹ́ kí ó mú àṣẹ wá, a ti fi ilé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò máa kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé ọdún 1988.