Raji: Sẹ́ẹ̀lì Tí Wọ́n Mú ní Ìbàdàn Tí Kò Kú

Ní Ìgànmú ní Èkó, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé bá ṣàdédé wú, tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì, ilé ìwòsàn LUTH tó wà nítòsí ní Ìdí-Àràbà ló yẹ kí òbí gbé e lọ. Jẹjẹrẹ Burkitt wà lára ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ fura sí. Láti ara irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Ara ọmọ Nàìjíríà kan ni ayé sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala, ló kọ̀wé nípa àrùn náà ní 1958. Ó rìn káàkiri Áfíríkà, ó sì rí i pé ibi tí ooru àti òjò ti pọ̀, tí ibà ti gbilẹ̀, ni ó ti wọ́pọ̀. Ilẹ̀ wa bọ́ sí àgbègbè yẹn.

Ní 1963, R. J. V. Pulvertaft, onímọ̀ àrùn kan, wà ní Ìbàdàn. Ó mú díẹ̀ lára kókó tó wà ní àgbọ̀n òkè, lápá òsì, ọmọkùnrin ọdún 11 kan, ó sì fi sínú omi tó ní oúnjẹ nínú. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kì í pẹ́ kú bí a bá mú un kúrò lára. Èyí kò kú. Ó ń pín sí méjì, ó tún ń pín. Sẹ́ẹ̀lì HeLa ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1951, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Raji ni orúkọ tí wọ́n fún ti Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú ìran sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣe sẹ́ẹ̀lì yìí? Bí wọ́n bá fi aró kùn ún, tí wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, inú rẹ̀ á dúdú bí ẹ̀lú, àwọn ihò róbótó tí ọ̀rá wà nínú wọn á sì dá a lu. Ohun tó ń lé e sáré fara sin ju ìyẹn lọ. Ní 1976, àwọn onímọ̀ ní Sweden fi hàn pé krómósómù 8 àti 14 ti já nínú jẹjẹrẹ náà, wọ́n sì ti gba èérún ara wọn. Jíìnì tó ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì pín bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kì í sinmi, òun náà kò sì sinmi mọ́. Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, tí wọ́n ṣàwárí ní London ní 1964, tún wà nínú Raji.

Láti ìgbà náà ni Raji ti ń ṣiṣẹ́ fún aráyé. Wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń dán oògùn jẹjẹrẹ bíi rituximab wò lára rẹ̀. Ìbàdàn kan náà ni Victor Anomah Ngu, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Cameroon, ti fi oògùn tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí. Òun, Burkitt àti àwọn mìíràn jọ gba ẹ̀bùn ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lasker ní 1972.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wa mọ ìtàn yìí dunjú, kí wọ́n sì mọ èyí tó kù. Ní 1963, Ìkéde Helsinki tó là á sílẹ̀ pé kí a gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí a fẹ́ ṣèwádìí lára rẹ̀ kò tíì jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dé. Ó di 2014 kí Òfin Ìlera Nàìjíríà tó sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ẹran ara tàbí ẹ̀jẹ̀ alààyè láìṣàlàyé fún un kó sì fọwọ́ sí i, àyàfi bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí ohun tí wọ́n mú lára ọmọ rẹ̀ ń lọ, àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.