Àfonífojì Odò Ògùn: Ilẹ̀ Tí A Sọ Di Igbó

Bí ènìyàn bá sọ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó pé Òkè-Ògùn ni òun ń lọ, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe nínú igbó?" Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé Ògún onírin ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ náà lórúkọ. Rárá o. Ògún alágbẹ̀dẹ ọ̀tọ̀, Ògùn tí í ṣe odò ọ̀tọ̀. Odò là ń wí. Ilẹ̀ apá òkè odò náà, níbi tí ó ti ṣẹ̀ wá, ni à ń pè ní Òkè-Ògùn. Odò yìí kan náà ló gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó wọ ọ̀sà lọ́dọ̀ àwọn ará Èkó. Nítorí náà, ẹni tó ń fi igbó bú ará Òkè-Ògùn, kó rántí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ wá bá a.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1986, mo di kẹ̀kẹ́ Raleigh mi mọ́ orí ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìbàdàn dé Ṣakí. Láti ibẹ̀ ni mo ti gùn ún lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mo sì lo ọjọ́ mẹ́wàá ní àfonífojì odò náà. Mọ́tò a máa sáré ju ojú lọ, ẹsẹ̀ sì tètè ń rẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lè máa kí àwọn tó ń bọ̀ lóko bó ti ń lọ, kó sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá wù ú. Lẹ́yìn èyí, ní ayé ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ni àgbẹ̀ Òkè-Ògùn fi ń ru iṣu, èlùbọ́ àti ewé tábà. Bí wọ́n bá rí àlejò lórí kẹ̀kẹ́, wọn kì í sá fún un. "Ẹ kú ìrìn o" ni wọn yóò sọ, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ odò ni kí n kọ́kọ́ sọ. Láti orí àwọn òkè kan lágbègbè Ṣakí ni Ògùn ti ń ṣẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta àti yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi á wá dúró ní kòtò kòtò láàárín òkúta. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Yemọja fẹ́ Òkèrè, ọba Ṣakí, pẹ̀lú àdéhùn pé Òkèrè kò gbọdọ̀ fi ọmú òun tó tóbi ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Ọjọ́ kan tí ẹmu pa Òkèrè, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Inú bí Yemọja, ó sá jáde, ìkòkò tó gbé dání fọ́, omi inú rẹ̀ sì di odò. Òkèrè sọ ara rẹ̀ di òkè láti dínà mọ́ ìyàwó rẹ̀, ni Ṣàngó bá fi ààrá la òkè náà sí méjì. Ẹni tó bá ti rí bí odò yìí ṣe ń fún ara rẹ̀ gba àárín àpáta kọjá kò ní bá àwọn tó ń pìtàn náà jiyàn.

Ní ọjọ́ kejì tí mo kúrò ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mo bá bàbá àgbẹ̀ kan rìn, òun náà lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ koríko, ojú ọ̀nà oko rí tóóró bí okùn. A dé ibì kan tí igi oṣè ńláńlá bíi mẹ́fà dúró sí, kò sí ilé kankan nítòsí, kò sí oko.

Mo ní, "Bàbá, ta ló gbin oṣè síbí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, oṣè kì í déédéé pọ̀ báyìí nínú igbó. Ibi tó o bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ènìyàn ló gbé ibẹ̀ rí. Wo ilẹ̀."

Mo wolẹ̀. Àpáàdì ló kún ibẹ̀. Lára àpáta pẹrẹsẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan rí ti jin wọnú òkúta, ó sì ń dán síbẹ̀. Ẹni mélòó ni yóò lọ àgbàdo, fún ọdún mélòó, kí òkúta tó jin báyẹn?

Mo tún bèèrè pé, "Kí ni wọ́n ń pe ìlú náà?"

Ó ní, "Àwọn tó ni orúkọ ti gbé orúkọ wọn lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìtàn àfonífojì yìí. Yorùbá a máa gbé orúkọ ìlú lọ bí wọ́n ti ń gbé òrìṣà lọ. Bí ogun bá tú ìlú, tí àwọn ará ibẹ̀ sì tẹ ìlú mìíràn dó, orúkọ ti àtijọ́ ni wọn yóò sọ ọ́. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ á wá di "Ilé". Ìdí nìyẹn tí a fi ní Ọ̀yọ́ àti Ọ̀yọ́-Ilé, Ìkòyí àti Ìkòyí-Ilé, Ìpàpó àti Ìpàpó-Ilé. Bí ẹ bá gbọ́ "Ilé" lẹ́yìn orúkọ ìlú, lọ́pọ̀ ìgbà, ahoro ni à ń wí, ṣùgbọ́n ahoro tó ṣì ní ẹni tó ni ín.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilẹ̀ yìí di ahoro. Àwọn Tápà lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Nígbà tó yá, àwọn ọba Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Ìgbòho, tí kò jìnnà sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ibẹ̀ ni Igbó Ọba wà títí dòní, níbi tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí. Ibẹ̀ ni Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀ ti jọba, ẹni tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé obìnrin ni. Lẹ́yìn wọn ni Aláàfin Àbípa ní òun yóò padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn ìjòyè, nítorí Ìgbòho ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n bá kó àwọn abuké, àwọn arọ àti àwọn àfín jọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gbé iná kiri lórí òkè Ọ̀yọ́-Ilé lóru bí iwin, kí wọ́n máa pariwo pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ọba kò bẹ̀rù. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n mú àwọn iwin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Àbípa ní Ọba Mọ̀rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀.

Ẹṣin ló sọ Ọ̀yọ́ tó padà sílé yìí di ńlá. Pápá koríko ni àfonífojì yìí, ẹṣin lè sáré níbẹ̀ kó má fara gbún igi, ṣùgbọ́n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú igbó kìjikìji ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, eṣinṣin tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse wà káàkiri, àìsàn rẹ̀ sì ń pa ẹṣin. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́ fi ní láti máa ra ẹṣin láti ilẹ̀ Òkè Ọya ní gbogbo ìgbà, tí wọ́n sì ń lo ẹrú Haúsá tó mọ ìtọ́jú rẹ̀. Eṣinṣin yẹn kò tíì lọ. Nígbà tí wọ́n dá ọgbà màlúù Upper Ogun sílẹ̀ lágbègbè Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹ̀yà N'Dama ni wọ́n kó wá, nítorí pé àìsàn náà kì í tètè rí i gbé ṣe. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni eṣinṣin kò rí nǹkan ṣe fún!

Ní January ọdún 1826, òyìnbó Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander gba Ṣakí kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Àwọn kan nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ gbéra ní Àgbádárìgì ti kú lọ́nà. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi ìlú náà ga tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, pé yíyí rẹ̀ ká tó máìlì 15, ó sì ní ẹnubodè mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ilé ti ń jó nígbà náà. Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, àwọn ẹrú Haúsá tó ń tọ́jú ẹṣin sì sá lọ bá a. Nígbà tí àwọn Fúlàní pa Àfọ̀njá, tí Ìlọrin bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ogun wá le. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, wọ́n pa Aláàfin Olúewu nínú ogun Elédùwẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé sì tú. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́-Ọjà, ibi tó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ sí gúúsù. Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣì dúró. Ọ̀pọ̀ ìlú tó wà láàárín kò dúró.

Ní ọdún 1936, ìyẹn bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìjọba pààlà sí Upper Ogun, wọ́n ní igbó ìjọba ni. Ní 1941, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ní 1952, méjèèjì di igbó ẹranko. Ní 1991, wọ́n pa wọ́n pọ̀ di Old Oyo National Park, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà: igbó tí ìjọba bá níbẹ̀ kò ju ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹfọ̀n àti egbin tí wọ́n wá ń ṣọ́, orí ilé onílé ni wọ́n ń jẹko. Bàbá tó mú mi lọ síbi igi oṣè fi ọwọ́ hàn mí ibi tí oko bàbá rẹ̀ àgbà wà, ní òdìkejì ààlà. Ó ní bí òun bá fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ báyìí, olè ni wọn yóò pe òun.

N kò sọ pé kí a tú igbó náà ká. Ká sọ òótọ́, bí kò bá sí ààlà yẹn, àwọn tó ń gé igi àti àwọn tó ń jó èédú ì bá ti dé ibi odi Ọ̀yọ́-Ilé tipẹ́. Odi náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí Frank Willett dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, àti nígbà tí Robert Soper àti Patrick Darling ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀mọ̀wé Babátúndé Agbájé-Williams náà ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Ààlà ló bá wa pa á mọ́. Ohun tí mo ń bá jà ni orúkọ. Bí a bá kọ "igbó" sí ojú pátákó, ọmọ tó ń dàgbà kò ní bèèrè ẹni tó gbé ibẹ̀ rí. Bí a bá kọ "ilé" sí i, yóò bèèrè. Kò tún ní yà á lẹ́nu bí wọ́n bá ní kí bàbá àgbẹ̀ ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, kí ó sì mú àlejò lọ wo ibi ojú ọlọ, kí a sanwó fún un.

Àwọn ìjòyè ayé ìjọ́un fi iwin dẹ́rù ba ọba wọn pé kò sí àyè. Lóde òní, a kò nílò iwin mọ́, àwa fúnra wa là ń sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní ìgboro, púpọ̀ nínú yín ni oríkì yín dárúkọ ìlú tí ẹ kò dé rí. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé: ìlú wo gan-an ni, apá ibo ló sì wà? Bí wọ́n bá fi "Ilé" kún orúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.