Ike ilé ìwòsàn ní Bàrígà: èwo ló léwu, èwo ni kò léwu?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 2025 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ife àti ṣíbí oníke àlòsọnù. Òfin náà ò kan sírínjì, ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá dírípù, torí ẹ̀mí wà lọ́rọ̀ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ọsibítù ló léwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní tó bá jẹ́ 100, bíi 85 nínú ẹ̀ ò yàtọ̀ sí tilé wa: páálí, ọ̀rá, ìgò omi. 15 tó kù ló léwu. Tí wọ́n bá wá da méjèèjì pọ̀, gbogbo ẹ̀ ti di eléwu nìyẹn.

Ìbọ̀wọ́ náà ń pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì tó kàn fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru ò nílò ẹ̀. Ọwọ́ tó mọ́ ti tó.

Ẹ má jó wọn o! Èéfín ike PVC lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ má sì dà wọ́n sí kánààlì, ọ̀sà ló ń gbé wọn lọ.

Abẹ́rẹ́ ló burú jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà nílé, ẹni tó ń ti ọmọlanke kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá yín. Tó bá gún un lọ́wọ́, ó lè kó hepatitis B tàbí HIV. Ike ọṣẹ olómi tó ti tán, tó nípọn, tó ní ìdérí, ni kẹ́ ẹ máa kó o sí. Tó bá ti fẹ́ kún, ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ sì béèrè ní ọsibítù tẹ́ ẹ ti ń gba ìtọ́jú bóyá wọ́n á gbà á.